Ogún Kànga Tí Mo Ní Ó Ṣeé Gbẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa máa ń yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn wo irú iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kànga ni èmi gbẹ́ títí mo fi dàgbà. Ní Ṣakí níbí ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bàbá mi ló kú, àbúrò rẹ̀ sì mú mi lọ bá Bàbá Làsísì agbẹ́kànga, wọ́n gbà mí sọ́dọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà ń mú wọlé tó mi jẹ, kò tó mi kọ́lé. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa owó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni bí inú kànga ṣe rí. Tí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó ìdúró ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ariwo ìlú á dákẹ́. Ojú ọ̀run á kéré lókè bí ẹnu ìkòkò. Wàá máa gbọ́ èémí ara rẹ. Gbogbo ohun tí o ní láyé nígbà náà ni ẹnì kan tí o kò rí ojú rẹ̀, tí ó di okùn mú lókè.

Bàbá Làsísì kì í nà wá, wọn kì í sì í pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n le. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń fa erùpẹ̀ lókè kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan inú kànga. Ẹni tí ó bá wà lẹ́nu okùn kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo yíjú wo ọmọbìnrin kan tí ó ń kọjá pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Bàbá gba okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbà mí padà, lẹ́yìn tí àbúrò bàbá mi ti lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Sàlámọ́tù ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Mo fẹ́ ẹ nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, tí mo gba òmìnira.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga, a gbọ́dọ̀ tan àtùpà, ká so ó mọ́ okùn, ká sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Tí iná rẹ̀ bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára nìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò wọlé. A ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tí ewé rẹ̀ pọ̀, a ó so ó mọ́ okùn, a ó máa fà á sókè fà á sísàlẹ̀ títí afẹ́fẹ́ tuntun yóò fi wọ ibẹ̀. Ó lè gba gbogbo àárọ̀. Bàbá kò bìkítà.

Òfin kẹta wọn ni pé a kò gbọdọ̀ sọ ọjọ́ tí omi yóò jáde. Ilẹ̀ Ṣakí kún fún àpáta. Ní agbolé kan, wàá wa yangí díẹ̀, wàá rí omi. Ní agbolé kejì tí ògiri wọn jọ kan ara, àpáta á gba oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, ẹni yòówù tí ó bá bi Bàbá pé ìgbà wo ni omi máa yọ, ìbáà jẹ́ ìjòyè, ìbáà jẹ́ opó, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un: "Mi ò tíì rí inú ilẹ̀."

Èmi àti Gàníyù la jọ kọ́ṣẹ́ náà. Nígbà tí ara Bàbá kò gbé e mọ́, àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́. Tí èmi bá wà nísàlẹ̀, òun ló wà lẹ́nu okùn. Tí òun bá wọlé, èmi ni mo di í mú. Ọdún mẹ́wàá la fi ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ Gàníyù ló máa ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́, òun á máa wà á, èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú dígà lórí itan.

Irinṣẹ́ wa yí padà láàárín àkókò yẹn. Dígà, òòlù àti ṣísẹ́lì tí alágbẹ̀dẹ rọ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Tí a bá kan àpáta, a ó dáná igi lé e lórí títí yóò fi gbóná gidi, a ó wá da omi tútù sí i kí ó lè sán. Lẹ́yìn náà ni dáínámáìtì dé, ohun tí a ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tí ń fa omi dé, èyí tí ń mu epo bẹntiróò. Tí omi bá ń dí wa lọ́wọ́ nísàlẹ̀, ẹ̀rọ yìí á fà á gbẹ ká lè máa wa ilẹ̀ lọ. Gàníyù kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní èéfín rẹ̀ wúwo.

Sàlámọ́tù kú níbi tí ó ti fẹ́ bímọ, ọmọ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá kí mi fún ogójì ọjọ́, lẹ́yìn náà wọn kò wá mọ́. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò ní kí n lọ wẹ̀.

Kò ju oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn tí òṣèlú fi dé. Àwọn ológun ní àwọn ń gbé ìjọba fún alágbádá, ìdìbò sì ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn mú gan-an. Odò tí àwọn obìnrin ń lọ pọn ti di ẹrẹ̀, wọ́n á jí lọ ní ìdájí, wọ́n á dé ní ìyálẹ̀ta pẹ̀lú omi tí kò kún korobá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn olùkọ́ ìlú pe àwọn méjì tí wọ́n ń du ipò aṣòfin fún àgbègbè wa sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ará ìlú sì bi wọ́n léèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni Alhaji Adégòkè, tí ó ní ọkọ̀ ẹrù tí ń lọ sí ọ̀nà ẹnubodè. Èkejì ni Tíṣà Oyèdélé. Wọ́n fún èmi àti Gàníyù ní àga níwájú nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi máa jẹyọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Alhaji rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó mi. Ó bi mí bóyá mò ń jẹun, bóyá mò ń sùn. Kò tíì sí ẹni tí ó bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àwọn olùkíni ti tán.

Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tí ìlú bá dìbò fún òun, kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tí ń bọ̀ tó dé, ogún kànga ni òun máa gbẹ́ sí Ṣakí. Àwọn ènìyàn hó yèè. Tíṣà Oyèdélé dìde, ó ní òun ti ṣe ìwádìí, mẹ́rin ni òun lè ṣèlérí rẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, àti pé òun máa tún ọ̀nà odò ṣe kí ọkọ̀ omi lè máa débẹ̀. Wọ́n fi í ṣe ẹ̀rín. Obìnrin kan bi í bóyá ọ̀nà ni àwọn máa bù mu.

Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ń darí ètò náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní híhó kọ́ ló máa sọ ẹni tí òótọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tí wọ́n mọ ilẹ̀ wà níbí, kí ìlú bi wọ́n. Alhaji yíjú sí mi.

"Ọ̀gá Rájí," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí kò ṣeé ṣe?"

Mo dìde. Mo mọ ìdáhùn náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú, gbogbo wọn gbójú sókè wò mí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò mí bẹ́ẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí. "Tí ẹ̀rọ bá wà, tí ènìyàn sì pọ̀, ó ṣeé ṣe."

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún mi lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní kí Gàníyù náà sọ tirẹ̀. Gàníyù dìde, ó ṣí fìlà.

"Èmi àti Rájí ti jọ ń gbẹ́ kànga fún ọdún mẹ́wàá," ó ní. "Ọdún tí ó dára jù fún wa, mẹ́rin la gbẹ́. Ilẹ̀ tí Alhaji fẹ́ gbẹ́, mi ò tíì rí inú rẹ̀. Rájí náà ò tíì rí i."

Wọ́n fi ariwo bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnì kan ní ìlara ló ń ṣe é. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó. Nígbà tí ètò parí, àwọn ènìyàn yí mi ká, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa jáde, Gàníyù ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Alhaji wọlé ìbò. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní ó ti yá. Ó fún mi ní ẹ̀rọ tuntun àti dáínámáìtì, ó ní kí n gba àwọn òṣìṣẹ́ tí mo bá fẹ́. Mo lọ bá Gàníyù nílé. Ó ń tún àga kan ṣe, kò dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ní òun kò bá mi lọ. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún kí wọ́n tó rí ilẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun. Ó ní kí n lọ sọ fún Alhaji pé mẹ́rin ni, pé kò tíì pẹ́ jù. Mo ní n ó ronú sí i. Mi ò lọ.

Mo gba ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ni Múfútáù, ọkùnrin Kìṣí kan tí ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí ó wá wáṣẹ́ nígbà tí wọ́n ti wa iṣu tán lóko. Ó lágbára, ó sì máa ń kọrin tí ó bá wà nínú kànga, nítorí náà ẹni tí ó wà lókè kì í nílò láti pè é kí ó tó mọ̀ pé ó wà dáadáa. Ọyẹ́ fẹ́ tán, a ò tíì gbẹ́ ju mẹ́ta lọ. Ìkẹrin wà lẹ́yìn ọjà. Omi ti ń sun níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jìn tó, àpáta sì wà lábẹ́ omi náà. Alhaji ránṣẹ́ pé òun máa mú àwọn àlejò wá láti Ìbàdàn ní Ọjọ́bọ̀ láti wá wò ó.

Kànga náà ti jìn ju ibi tí ẹ̀rọ lè ti òkè fa omi. A fi igi ṣe pẹpẹ sínú rẹ̀, a sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí pẹpẹ yìí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a tan án láti ìdájí. Nígbà tí omi gbẹ, a pa á, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Múfútáù so okùn mọ́ra, ó wá yíjú sí mi.

"Ọ̀gá, ṣé ká kọ́kọ́ sọ àtùpà sílẹ̀ ni?"

Mo wo oòrùn. Mo ronú àwọn àlejò tí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà.

"Ó ti pẹ́," ni mo wí. "Máa wọlé."

Èmi ni mo wà lẹ́nu okùn. Ó ń kọrin bí ó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Orin náà dúró láàárín ọ̀rọ̀ kan, okùn sì dẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pè é, mo fa okùn, ṣùgbọ́n okùn ti há mọ́ igi pẹpẹ. Mo so okùn kejì mọ́ra, mo ní kí àwọn méjì tó kù sọ mí kalẹ̀. Mo bá a níbi tí ó ti fara ti ògiri bí ẹni tí ó sùn. Mo di apá rẹ̀ mú. Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni pé orúnkún mi yẹ̀.

Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, pé wọ́n fa okùn tèmi náà títí, ó ti há sábẹ́ pẹpẹ. Gàníyù ń bá ẹnì kan tún òrùlé ṣe ní àdúgbò kejì nígbà tí ó gbọ́ igbe. Ó sáré dé, ó dá ọkùnrin kan tí ó fẹ́ bẹ́ wọlé dúró. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò, ó so ó mọ́ okùn, ó ń fà á sókè fà á sísàlẹ̀. Wọ́n ń kígbe pé àwọn ènìyàn ń kú lọ, kò dáwọ́ dúró. Ó sọ àtùpà sílẹ̀, iná rẹ̀ kò kú. Nígbà náà ló wọlé fúnra rẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ gbé jáde nítorí èmi ṣì ń mí.

Nígbà tí mo lajú, abẹ́ igi ni mo wà, orí mi ń fọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bo Múfútáù. Gàníyù jókòó tì mí, gbogbo ara rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú.

"Ohun tí o mọ̀ ni wọ́n bi ọ́," ó ní.

Ó dìde, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, a máa ń kíra, ó máa ń bi mí nípa ara mi. Kò tún bá mi sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àlejò kò wá. Wọ́n rọ́ erùpẹ̀ dí kànga náà. Alhaji ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó yọ̀ǹda ọkọ̀ kan, mo sì bá òkú lọ sí Kìṣí. Àwọn ará agbolé sunkún, ṣùgbọ́n ìyá Múfútáù kò pariwo mọ́ mi. Ó bi mí léèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló di okùn mú?"

Mo ní èmi ni. Ó mi orí, ó wọlé lọ.

Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò tún di okùn mú fún mi? Èmi náà kò fẹ́ di í mú fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ń gbọ́n ẹrẹ̀ inú àwọn kànga kéékèèké tí kò jìn ju ènìyàn lọ, iṣẹ́ tí mo lè dá ṣe. Mo ń dá jẹun, mo ń dá sùn. Nígbà míràn ó máa ń di ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbọ́ ohùn ara mi.

Ìdìbò mìíràn tún dé. Wọ́n tún jókòó sí pápá ilé ìwé, Alhaji tún ń sọ iye kànga tí òun máa gbẹ́. Wọn kò fún mi ní àga lọ́tẹ̀ yìí. Mo dìde láti ẹ̀yìn, mo tọrọ àyè. Mo ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí nígbà ìṣáájú, irọ́ ni mo fi dáhùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń pa á. Mo ní kànga mẹ́rin ni a lè gbẹ́ lọ́dún, pé ọmọ Kìṣí kan ti kú nítorí irọ́ náà. Mo ti ń múra fún ariwo. Kò sẹ́ni tó pariwo. Obìnrin kan sọ jẹ́jẹ́ pé kí n jókòó, pé ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Mo wo gbogbo pápá náà kí n lè rí Gàníyù. Ẹnì kan ló wá sọ fún mi pé ó ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Òkèhò láti ìgbà òjò, pé oko ló ń ro níbẹ̀.

Kí ọdún tó yípo, àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ ńlá tí ń lu ilẹ̀ dé sí Ṣakí. Mo lọ wò ó. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti wọ àpáta tí ìbá gbà wá ní oṣù mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń darí rẹ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn, eruku máa bò yín." Mo sún sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti tán.

Ọ̀dá mú ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Awakọ̀ kan láti Kìṣí sọ fún mi pé adágún tí màlúù ń mu ni àwọn ará agbolé Múfútáù ń pọn, ọkọ̀ tí ń lu ilẹ̀ kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kó dígà, òòlù àti okùn tuntun, mo wọ ọkọ̀. Àlàbí, ẹ̀gbọ́n Múfútáù, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mo fẹ́ gbẹ́ kànga fún wọn, pé mi ò ní gba ohunkóhun. Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó jáde.

"Màmá ní ta ló máa di okùn mú."

Mo ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yàn ni. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi.

"Èmi ni," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo fi wà nínú ilẹ̀ náà. Mo kọ́ Àlàbí bí wọ́n ṣe ń sọ àtùpà kalẹ̀, òun ló sì ń ṣe é láràárọ̀ kí n tó wọlé. Nísàlẹ̀, n kò mọ ohun tí ó ń rò lókè. Mo máa ń gbójú sókè nígbà míràn, n kò rí ju ojú ọ̀run lọ. N ó fa okùn, òun á gbé erùpẹ̀ lọ. Kò jẹ́ kí okùn náà dẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, iyanrìn funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, omi tútù bo ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo fa okùn, ó gbé mi jáde. Ó rí ẹsẹ̀ mi pé ó tutù, ó sì sáré lọ pe ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ló fa korobá àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kí ó tòrò, ó bù fún àwọn ọmọdé, ó bù fún Àlàbí, ó wá bù fún mi. Ó ní kí n jẹun kí n tó máa lọ. Ó gbé iyán wá síwájú mi lábẹ́ igi, gbogbo wọn sì padà lọ sídìí kànga. Mo dá jẹun. Mo fọ àwo náà, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Àlàbí sìn mí dé ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ó gbé ọwọ́ kan sókè sí mi, ó sì dúró síbẹ̀ títí eruku fi bò ó. Mi ò tún gbẹ́ kànga mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ náà.